Àmínátù Kò Ní Ṣe Áàtì

Ilé Bàbá Ràṣídì,
Ẹ̀jìgbò.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun alásárì.

Sàlámọ́tù, Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Òjò Àbíjàn tó máa ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́? Ara mi le, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé òun kì í ṣe tèmi mọ́. Má wulẹ̀ jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí pé o rí ìwé lọ́wọ́ Ìyá Kúdí. Kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ̀ pé láyé fóònù yìí, ẹni tó bá kọ lẹ́tà, àwọn èèyàn á ní kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tó fà á ni pé nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ pè ọ́, Àmínátù ló ń bá mi tẹ fóònù, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì máa ń dúró sí títí a ó fi parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Tí mo bá sì gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, àárín àwọn oníbàárà lo máa tẹ̀ ẹ́ sí, gbogbo ọjà á sì gbọ́ àṣírí mi. Ìyá Kúdí ń bá mọ́tò Àbíjàn lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ni mo bá ní kí n tètè mú bírò.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì ọmọ rẹ ni. Àmínátù Àjọkẹ́ ti parí kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tí wọ́n bá wọlé padà, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà. Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ bá mi yan èyí tó bá dáa, ẹ̀yin lẹ kúkú wà níbẹ̀." Mo ní áàtì. O ní kò burú, o dúpẹ́, o padà sídìí ọjà rẹ. Àkànkẹ́, mo gba ọ̀rọ̀ áàtì yẹn padà. Fa àga kan sẹ́yìn káńtà, jókòó, kí o ka ìdí rẹ̀ dópin kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, Ìsundùnrìn là ń gbé, Ẹ̀jìgbò níbí ni mo ti ń lọ ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, àfi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá ṣàánú wa. Èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, la jọ máa ń rìn. Á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà, èmi náà á máa gbè é. Orí ló bá mi ṣe é tí bàbá mi tó jẹ́ ládàánì kò gbọ́ sí i. Bàọ́lọ́jì ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí tíṣà la ọ̀pọ̀lọ́ níwájú wa, àwọn ọmọbìnrin yòókù pariwo, wọ́n sá jáde, èmi ni mo bá a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ká yan kíláàsì, Fọlákẹ́ ní kọmáṣà lòun ń lọ, torí pé àbúrò bàbá rẹ̀ wà ní báǹkì. Mo ní kọmáṣà lèmi náà ń lọ. Ta ni mo ní ní báǹkì? Kò sẹ́nì kankan. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ta ni màá máa bá rìn.

Kí táàmù kan tó parí, ìjọ gbé bàbá Fọlákẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Mo bá Fọlákẹ́ wọ kíláàsì, Fọlákẹ́ bá bàbá rẹ̀ lọ. Ó ku èmi nìkan lójú ọ̀nà Ìsundùnrìn pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó tí mi ò mọ orí rẹ̀, tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo bẹ tíṣà pé kó dá mi padà sí sáyẹ́ǹsì, ó ní àwọn yẹn ti lọ jìnnà. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde, bàbá rẹ wá fẹ́ mi, a sì gba Àbíjàn lọ. Mi ò kábàámọ̀ bàbá rẹ o, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá rí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò, mo máa ń dúró wò ó.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kí o fi sọ́kàn de àwọn ọmọ tó kù lẹ́yìn Àmínátù: ọmọ kì í yan kíláàsì nítorí ẹni tí yóò bá a jókòó. Ẹni tó ń bá ọ jókòó lè dìde nígbàkigbà, ìwọ lo máa jókòó ṣe ìdánwò.

Èkejì ni pé ẹ̀yìn la ti í bẹ̀rẹ̀. Tí a bá dé gáréèjì, a kì í kọ́kọ́ wọ mọ́tò ká tó wá béèrè ibi tó ń lọ. Ohun tí à ń ṣe fọ́mọ nìyẹn o. A ó ní kó wọ áàtì torí pé ó mọ òyìnbó sọ, a ó ní kó wọ sáyẹ́ǹsì torí kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́, ó di ọdún tó fẹ́ jáde ká tó béèrè ohun tí yunifásítì ń fẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ló ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé. Kọ́kọ́ bi ọmọ ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kí o wádìí márùn-ún yẹn, kí o wá fi wọ́n mú kíláàsì.

Mo bi Àmínátù. Kò tilẹ̀ rò ó, ó ní apòògùn lòun fẹ́ jẹ́. O mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi, Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé inú páálí rẹ̀. Òun ló ń kà á, tó ń tú u sí Yorùbá fún mi. Tó bá dé ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi pò ó sí, kò ní lè mú un mọ́ra. "Màámà, ẹ wá gbọ́ nǹkan tí wọ́n fi ṣe é!" Èmi á ní, "Ṣé wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ata wà nínú ẹ̀?" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Òyìnbó, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì ni ẹni tó fẹ́ jẹ́ apòògùn gbọ́dọ̀ ní. Kò sí áàtì kankan níbẹ̀. Sàlámọ́tù, mo ti mọ èyí kí n tó pe áàtì fún ọ.

Jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, n ó padà sí i.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ìwọ kéré nígbà náà, ohun tí o mọ̀ kò ju pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń bínú, kò jẹun. Lọ́yà ló fẹ́ ṣe. Nígbà tí a mú un ti Àbíjàn wálé wá kàwé, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ wa, áàtì ló wọ̀. Àkókò kan náà ni ilé-ìwé fi Lítíréṣọ̀ àti Faransé sí, ọ̀kan ṣoṣo lọmọ lè mú. Bàbá rẹ ní, "Kí ló ń jẹ́ Lítíréṣọ̀? Ọmọ tí a bí sí Àbíjàn, tó fi Faransé já lẹ́nu ọmú! Kó mú Faransé jàre, ẹran ọ̀fẹ́ nìyẹn." Èmi gan-an gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní kí ọmọ má wulẹ̀ máa ka ohun tí kò mọ̀ nígbà tí èyí tó mọ̀ wà nílẹ̀. Àwa tí a ti Àbíjàn dé, àṣìṣe tiwa nìyẹn, a rò pé ohun tí a fi ń dúnàádúrà lọ́jà ti tó fi kàwé.

Ràṣídì ń fi tíṣà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, torí pé ọkùnrin yẹn kò kọjá Ìwó rí láyé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wúwo lórí Faransé. Ọjọ́ ìdánwò pé, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ràṣídì kọ ọ́ bó ṣe ń dún létí, Faransé àwọn oníbàárà wa. Ó fìdí rẹmi pátápátá. Lítíréṣọ̀ tí kò mú, òun gan-an ni yunifásítì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà. Kì í ṣe pé kò lè tún ìdánwò ṣe. Bàbá rẹ ló ní kó kọ́kọ́ wá ran òun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan. Ọdún kan náà ló ń lò di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó nílé, ó ní mọ́tò, ọmọ rẹ̀ pé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tó bá pè mí, á kí mi tán, á ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Kò fẹnu sọ nǹkan kan rí. Mo mọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹnu mọ̀, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Má sì gba sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ ọmọ ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o fi èyí tó rọrùn dí i. Àmínátù kò gbọ́dọ̀ ju Faransé nù o, ṣùgbọ́n kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bá mi ra ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ́ ọ lọ́hùn-ún, kí o fi rán Ìyá Kúdí tó bá ń bọ̀. Fi abala ibi yìí han Ràṣídì. Tó bá fẹ́ bínú, sọ fún un pé mo ní kó wálé wá bínú sí mi lójú.

Mo mọ̀ pé kọmáṣà ló wà lọ́kàn ìwọ. O ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì lo bi mí bóyá ọmọ náà mọ ìṣirò, o tún ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ lo bí mi. Ṣọ́ọ̀bù kò ní sá lọ. Tó bá jẹ́ apòògùn tán tó sì fẹ́ tajà, oògùn náà ọjà ni.

Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e, mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́, ẹnu tíṣà wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyáàfin Ọ̀dẹ́wálé, tó ni kíláàsì Àmínátù, yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, Bíbélì wà lábíyá wọn. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé omi dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ Àmínátù ni mo bá wá. Ọmọ yẹn, orí ẹ̀ pé. Àmọ́ tíṣà kẹ́místírì wa ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì fún wa ní òmíràn. Lábù wa, títì ló wà. Ohun tó yẹ káwọn ọmọ fọwọ́ ṣe, ara pátákó ni wọ́n ti ń dà á kọ."

Mo ní, "Áàtì yín ńkọ́, Ma?"

"Áàtì wa dáa, Màmá, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe pé ọmọ tí mo bí ni, tó sì ní sáyẹ́ǹsì lòun fẹ́, Òṣogbo ni màá gbé e lọ. Wọ́n nílé-ìwé tọ́mọ ń gbé inú ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní tíṣà, lábù wọn ń ṣiṣẹ́. Mi ò gbọdọ̀ sọ báyìí lẹ́nu iṣẹ́ mi o, ẹ bá mi bò ó."

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kò ní tíṣà, orúkọ lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ yan kíláàsì fọ́mọ, kó lọ sí ilé-ìwé, kó béèrè orúkọ ẹni tó ń kọ́ ọ, kó ní kí wọ́n ṣí lábù kóun fojú rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Ọ̀dẹ́wálé, mo sìn wọ́n dé ìta. Nígbà tí o wá pè lọ́sẹ̀ yẹn, tí Àmínátù kò sí nílé, mo ní áàtì.

Ṣé o ti rí ìdí ẹ̀ báyìí? Áàtì wà nílé. Sáyẹ́ǹsì wà ní Òṣogbo.

Àtìgbà tí bàbá yín ti kọ́ ilé yìí, ọ̀sẹ̀ Iléyá nìkan lẹ máa ń sùn nínú ẹ̀, ìyẹn lọ́dún tẹ́ ẹ bá wá. Olúkúlùkù yín ló ní yàrá, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní àgádágodo, Àbíjàn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn wà. Èmi ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí mo bá gbálẹ̀ kan ẹnu ilẹ̀kùn, mo máa ń sọ̀rọ̀. "Ràṣídì, ṣó o ti jí? Sàlámọ́tù, ilẹ̀ ti mọ́ o." Má rẹ́rìn-ín, orí mi pé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú wa náà, títì ni, tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìkan ló wà níbẹ̀. A kọ́lé títí, a ò rẹ́ni gbé e.

Ohùn Àmínátù nìkan ló ń dún nínú ilé yìí. Tó bá ti ilé-ìwé dé, á ti ẹnu géètì kí mi bẹ́ ẹ ṣe ń kíra yín lọ́hùn-ún: "Màámà, sàfá?" Èmi á dáhùn pé, "Sàfá, lọ fọwọ́, wá jẹun." Á bá rédíò jiyàn. Á fi gègé kọ nǹkan sára ògiri kíṣìnì, n ó bú u, n ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ mi, ìdáwà ń pa mí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí ojú á ti obìnrin tó bí irú ọmọ tí mo bí láti sọ pé òun dá wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnì kan. Nítorí ọbẹ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sí áàtì.

Wá gbọ́ ohun tó dá mi dúró. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, mo pe Àmínátù, mo sọ fún un pé áàtì ni a mú, èmi àti ìyá rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Mo ti palẹ̀ mọ́ de àríyànjiyàn, torí o mọ ẹnu ọmọ rẹ.

Ó ní, "Ó dáa, Màámà."

Mo ní, "Kò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ma wa sọ fún yín lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo wà nínú kíṣìnì. Èmi náà ti rò ó. Tí mo bá lọ Òṣogbo, ta ló máa bá yín jókòó?"

Ó yí ẹ̀yìn aṣọ padà, ó ń lọ ọ́ lọ. Mo wọ kíṣìnì bí ẹni ń wá iyọ̀. Sàlámọ́tù, ẹkún ni mo sun. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, lójú ọ̀nà Ìsundùnrìn. Ọmọ náà ń yan kíláàsì nítorí ẹni tí yóò bá jókòó, èmi tí mo mọ ibi tíyẹn ń gbéni lọ ni mo jókòó tì í. Fọlákẹ́ tilẹ̀ dáa jù mí lọ, kò mọ̀ pé òun ń lọ. Èmi mọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ẹlẹ́dàá mi á pè mí, n ó sì jẹ́ ẹ. Tí mo bá lọ, ta ni yóò kù nínú áàtì?

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Òun ni kí o pè, má pè mí. Sọ fún un pé ìwọ àti bàbá rẹ̀ ti yí ìpinnu padà, pé sáyẹ́ǹsì ni, Òṣogbo sì ni. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀, tó bá mọ̀ ọ́n, á wo ojú mi, ojú mi kò sì mọ irọ́ pa mọ́. Tó bá bi ọ́ pé Màámà ńkọ́, sọ pé Màámà ní ọ̀rẹ́ ní ìlú Ará tó fẹ́ máa wá kí òun. Mo ní ọ̀rẹ́ ní Ará lóòótọ́, bí kò tiẹ̀ ní lè wá.

Má wá ọmọ ọ̀dọ̀ fún mi. Má sì sọ pé kí n máa bọ̀ ní Àbíjàn, torí tí wọ́n bá fún Àmínátù lólidé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kí o mú kọ́kọ́rọ́ rẹ dání lọ́dún Iléyá yìí kí o wá, má fowó rọ́pò ara rẹ. Sọ fún Ràṣídì bẹ́ẹ̀.

Yàrá tí Àmínátù ń sùn, ẹ̀gbẹ́ tèmi ló wà. Lọ́jọ́ tó bá lọ, mi ò ní fi àgádágodo sí i. Gbogbo ilẹ̀kùn tó kù nínú ilé yìí, mo máa ń gbálẹ̀ kọjá níwájú wọn ni. Tirẹ̀, n ó ṣí i láràárọ̀, n ó wọlé, n ó gbá ibẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n ó sì sọ ọ́ sókè ketekete bí ẹni pé ó ń pẹ́ lọ sílé-ìwé: "Àjọkẹ́, dìde, kẹ́místírì ń dúró dè ọ́."

Ìyá rẹ tó gbé bírò sílẹ̀ kó tó gbọ́ géètì,
Rábìátù.